Ihò Wo Ni Ká Dí, Èwo Ni Ká Pààrọ̀? Ihò Afẹ́fẹ́ Ilé Àtijọ́ Kí AC Tuntun Tó Wọlé

Orí yìí wà fún ẹni tó ní ilé àtijọ́ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ yọ AC ojú fèrèsé kúrò kó fi AC split sí i, tàbí tó fẹ́ kúrò lórí fáànù lásán, tó wá gbójú sókè tó rí i pé ihò pọ̀ lára ògiri ilé òun. Àwọn tó kọ́ ilé náà kò fi ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀ lásán. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni wọ́n gbára lé. Afẹ́fẹ́ á gba fèrèsé wọlé, ooru á gba bulọ́ọ̀kù oníhò tó wà lókè fèrèsé jáde. AC kò bá ètò yẹn mu. Yàrá tí AC ń tù tí ihò rẹ̀ sì là sílẹ̀ kì í tutù tán, ẹ̀rọ náà kì í sì í sinmi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Ní iye yẹn, AC tó ń fa kílówáàtì kan, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìsinmi, ti jẹ náírà 1,800 kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣùgbọ́n owó iná kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni onílé tó pe bíríkìlà lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kó fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ilé pátá. AC split kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà, ló ń tù, ló sì ń dá padà. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí gáàsì ìdáná bá wọ ilé tí ihò rẹ̀ ti dí tán, AC ò ní lé e jáde. Nítorí náà, ẹ mọ iṣẹ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan ń ṣe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ohun èlò

Ẹ kó wọn jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀:

- Ṣọ́ọ̀kì, téèpù ìwọ̀n, bírò àti ìwé
- Tùràrí onígi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìṣáná
- Tọ́ọ̀ṣì, àkàbà tó dúró dáadáa, àti ẹni tí yóò dì í mú
- Awò tó bo ẹyinjú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìbòmú tí wọ́n kọ FFP2 sí lára
- Hámà, ṣísẹ́ẹ̀lì, ṣíbí bíríkìlà, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, garawa omi
- Sìmẹ́ǹtì, yanrìn, àti bulọ́ọ̀kù tó bá ìnípọn ògiri yín mu
- Férémù ihò afẹ́fẹ́ tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì, alumíníọ̀mù tàbí rọ́bà
- Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, síkúrù tí kì í dípata, fíṣà, àti silikọ́ọ̀nù
- Fáànù kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, fún ilé ìdáná àti balùwẹ̀
- Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń ké bí carbon monoxide bá wọ ilé

Ọ̀rọ̀ wà lórí yanrìn. Yanrìn tí wọ́n wà láti inú ọ̀sà pọ̀ lágbègbè wa, kò sì wọ́n. Bí ó bá ní iyọ̀ tí wọn kò fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ojú ibi tẹ́ ẹ rẹ́ á máa yọ ìyẹ̀fun funfun, ọ̀dà á sì máa ṣí. Ẹ fi díẹ̀ kan ahọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ra férémù onírin torí pé owó rẹ̀ rọjú. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kì í pẹ́ dípata, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣí i tí ẹ ń tì í ló sì máa ń kọ́kọ́ gan.

Iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà, ẹni tó mọwọ́ díẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníná fa wáyà, kí oníṣẹ́ AC sì so páìpù gáàsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yí ilé po pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì

Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ tan tùràrí kan, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì dúró títí èéfín yóò fi fi ọ̀nà hàn yín. Bó bá tẹ̀ síta, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Bó bá tẹ̀ sínú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èyí tí èéfín rẹ̀ dúró gangan láìmì ti dí tipẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹyẹ ló kọ́lé sí i. Ẹ ṣe é lábẹ́ síìlìn pẹ̀lú, níbi tí páálí síìlìn ti pàdé ògiri, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ti máa ń sá lọ jù láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà kan sí abẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. D ni ti èyí tí ẹ máa dí pátápátá, irú bí ihò AC ojú fèrèsé. P ni ti èyí tí ẹ máa pààrọ̀ sí èyí tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì, ìyẹn ihò yàrá àti pálọ̀. F ni ti èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ayé: ti ilé ìdáná, ti yàrá tí sílíńdà gáàsì wà, àti ti òkè síìlìn lábẹ́ páànù. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, nítorí bíríkìlà lè rẹ́ ṣọ́ọ̀kì nù kó sì ṣe ohun tó bá rò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ń gbé inú ihò náà?

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Agbọ́n fẹ́ràn bulọ́ọ̀kù oníhò, àdán fẹ́ràn abẹ́ páànù, ejò sì máa ń wá ibi gbígbẹ lákòókò òjò. Bó bá jẹ́ àdán ni, ẹ dúró di ìgbà tílẹ̀ bá ṣú tí wọ́n ti jáde lọ jẹun, kẹ́ ẹ tó fi nẹ́ẹ̀tì bo ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dí wọn mọ́ inú, wọ́n á kú síbẹ̀, òórùn náà á sì gba síìlìn wọlé bá yín. Ìgbẹ́ wọn tó ti gbẹ, ẹ má gbá a láìwọ́n omi sí i, ẹ má sì bọ́ ìbòmú nídìí rẹ̀.

Ẹ dúró ná: kí ni wọ́n fi ṣe síìlìn yín?

Ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́ lágbègbè yìí ló ní síìlìn asbestos: páálí líle aláwọ̀ eérú tàbí èyí tí wọ́n ti kùn ní funfun, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú oríkèé rẹ̀. Bó bá wà ní odindi tí kò fọ́, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá fi ayùn gé e, tí wọ́n lu ú ní dírílì tàbí tí wọ́n fọ́ ọ ni eruku rẹ̀ ń di ewu, torí eruku yẹn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ má ṣe lu ihò tuntun sí irú síìlìn bẹ́ẹ̀ nítorí AC. Ẹ gba páìpù ara ògiri. Bí páálí kan bá ti fọ́ tó gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ fi omi ọṣẹ rin ín gbingbin, ẹ yọ ìṣó rẹ̀ kí páálí náà lè bọ́ sílẹ̀ lódindi, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìbòmú FFP3 ni ti iṣẹ́ yìí. Aṣọ tí a fi so imú kò lè dá eruku yẹn dúró. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ sì wé àkísà náà mọ́ páálí yẹn. Ẹ má dáná sun wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn lọ fi bo ilé adìẹ.

Ihò AC ojú fèrèsé (D)

Ẹ pa búrékà rẹ̀, ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ lójú iná. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ AC kò gbọdọ̀ ṣí inú rẹ̀, torí kapásítọ̀ rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ síta ló wúwo jù, nítorí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ wà. Bí ẹ bá tú férémù iwájú láìsí ẹni tó di ẹ̀yìn mú, ṣe ni yóò yí síta. Ẹni méjì ni kó gbé e, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ fèrèsé. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á fún bàbà inú rẹ̀ pé kó má gé páìpù rẹ̀ lágbàlá yín. Gáàsì R22 ló wà nínú ọ̀pọ̀ AC àtijọ́, ó wà lára àwọn gáàsì tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ń mú kúrò nílẹ̀ nítorí ìpalára tí wọ́n ń ṣe fún ozone.

Nígbà tí ihò bá ṣófo, ẹ wo igun rẹ̀ lókè. Bí ojú ògiri bá ti là láti igun yẹn lọ sókè, tí èékánná sì lè wọ ojú ìlà náà, wọn ò fi líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìdábùú tó ń gbé ògiri orí ihò dúró, sí i nígbà tí wọ́n lu ihò yẹn. Ẹ má kàn án ní hámà mọ́. Ẹ pe bíríkìlà tó dàgbà nínú iṣẹ́ kó kọ́kọ́ fi igi gbé òkè rẹ̀ dúró.

Bí ògiri bá le, ẹ há sìmẹ́ǹtì àtijọ́ etí ihò náà kúrò ní ìwọ̀n ínṣì méjì yíká, kí bulọ́ọ̀kù tuntun lè mú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fọ eruku rẹ̀ nù, ẹ sì fi omi rin ín. Ògiri gbígbẹ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, ibi tí wọ́n ti pàdé ò sì ní mú ara wọn. Òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn márùn-ún tó fún bulọ́ọ̀kù. Àlàfo tó bá kù lókè pátápátá, ẹ fi sìmẹ́ǹtì tí omi rẹ̀ kò pọ̀ kì í dáadáa, torí ibẹ̀ ni òjò máa ń wá. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méje. Ọ̀dà di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá yára kùn ún, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á wú ọ̀dà náà sókè.

Mo rí ilé púpọ̀ tó jẹ́ páálí, pílíwúùdù tàbí fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí ihò yìí. Ikán ló ń jẹ ẹ́, òjò ń rin ín, olè náà sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ló gbà láti wọlé. Ṣùgbọ́n bí yàrá náà bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, ẹ má dí ihò náà tán. Ẹ fi férémù tó ṣeé tì sí apá òkè rẹ̀, kẹ́ ẹ fi irin ààbò sí ìta, ẹ ó sì ti rí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kejì láìlu ògiri mìíràn.

Ihò yàrá àti ti pálọ̀ (P)

Kókó ibẹ̀ ni ibi tí bulọ́ọ̀kù oníhò náà wà. Bó bá wà láàárín orí fèrèsé àti líńtẹ́ẹ̀lì, ẹ lè fi ṣísẹ́ẹ̀lì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi férémù tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó bá wà lókè líńtẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kó máa ru bulọ́ọ̀kù mìíràn tàbí igi òrùlé. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kan férémù tó ṣeé tì mọ́ ojú rẹ̀ láti inú, ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ìta. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà kejì yìí.

Ihò kan tó ṣeé ṣí tó fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bulọ́ọ̀kù dí ìyókù. Ẹ wọn ihò náà lápá òkè, lápá ìsàlẹ̀ àti láàárín, torí ògiri àtijọ́ kì í gún, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kéré jù ra férémù. Àwọn pẹlẹbẹ inú férémù náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ síta. Ìsàlẹ̀ ihò náà pẹ̀lú, ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó dà gẹ̀rẹ́ síta. Láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni atẹ́gùn òjò ti ń wá sí wa, ògiri tó kọjú síbẹ̀ ló sì ń jìyà jù láti oṣù Kẹrin títí di Keje. Bí ẹ bá lè yàn, ògiri mìíràn ni kẹ́ ẹ fi ihò yàrá sí. Ẹ fi silikọ́ọ̀nù yí etí férémù ká, ẹ sì so nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà tó fi ṣeé yọ fọ̀.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò wọlé nínú oṣù Kẹfà kún fún omi. Bó bá kan ògiri tí AC ti mú tutù, ó ń sẹ̀ sí i lára, ògiri á sì bu, ní pàtàkì lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Ẹ ti ihò náà nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ pa AC, ẹ ṣí ihò àti fèrèsé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ilé amọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn ilé àgbà kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tó ní ọnà bíi tàwọn Àgùdà tó ti Brazil dé lójú fèrèsé àti lórí òpó. Ọwọ́ tí a fi ń mú ilé bulọ́ọ̀kù kọ́ la fi ń mú wọn. Ẹ má gbé maṣíìnì tí wọ́n fi ń gé táìlì dé ibẹ̀. Gbígbọ̀n rẹ̀ á já sìmẹ́ǹtì ojú ògiri kúrò lára amọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ gbò-gbò bí ẹ bá kàn án. Ṣísẹ́ẹ̀lì àti sùúrù ni. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì líle tẹ́ ẹ bá kì sáàárín amọ̀ kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún, ibi tí wọ́n ti pàdé á sì là. Amọ̀ tí wọ́n pò pẹ̀lú koríko gbígbẹ, tàbí bulọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n ti sá gbẹ, ni kẹ́ ẹ fi dí i, kẹ́ ẹ tó rẹ́ ojú rẹ̀.

Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìta AC split kọ́ ara ògiri amọ̀. Ó ń gbọ̀n, síkúrù rẹ̀ á máa tú. Ẹ da kọ́nkéré pẹlẹbẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lé e. Omi tó ń kán láti inú AC gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìdí ògiri náà pẹ̀lú, torí omi tó ń kán sí ojú kan lójoojúmọ́ lè wó ilé amọ̀. Bó bá sì jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ bá àwọn àgbà ẹbí sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan. Ihò tẹ́ ẹ rò pé kò wúlò lè jẹ́ ọnà tí wọ́n fi ń dá ilé náà mọ̀.

Ihò tí ẹ kò gbọdọ̀ dí (F)

Ilé ìdáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná àtijọ́ ló jẹ́ pé òkè nìkan ni ihò wọn wà, nítorí èéfín igi àti kẹrosíìnì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ lu ọ̀kan kún un nísàlẹ̀, níwọ̀n ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kó jáde sí gbangba, kó má sì jẹ́ sínú gọ́tà tàbí kòtò tí gáàsì á ti dúró. Nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi sí i, kì í ṣe ohun tó ṣeé tì. Ti òkè náà kò gbọdọ̀ dí. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kí ihò yàrá tó ní AC wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí àrò.

Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta dára, ṣùgbọ́n ibì kan ni afẹ́fẹ́ tó ń fà ti gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ẹ bá ti dí gbogbo ihò ilé, abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni yóò ti máa fà á, ìyẹn ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ti balùwẹ̀, ẹ rí i pé páìpù rẹ̀ jáde síta gbangba, kó má parí sí òkè síìlìn, torí oru omi á mú kí igi òrùlé jẹrà.

Òkè síìlìn. Ihò etí òrùlé àti ti ògiri onígun mẹ́ta lábẹ́ páànù ló ń lé ooru páànù jáde. Dídí wọn kì í mú yàrá tutù. Ooru náà á dúró sókè, AC yóò sì máa bá a jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà, kẹ́ ẹ sì fi ihò náà sílẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dí ni ojú síìlìn fúnra rẹ̀: àwọn ihò olónà tí wọ́n dá sáàárín síìlìn láyé àtijọ́, àti àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri tí tùràrí fi hàn yín.

Jẹnẹrétọ̀

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn, tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,320, ti wà lẹ́bàá ọ̀sà nítòsí Ìjẹdẹ láti ọdún 1985. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kò tíì kúrò lẹ́yìn ilé wa. Carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán sí fèrèsé àti ihò èyíkéyìí, ti aládùúgbò pẹ̀lú, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síbòmíràn. Kò sí ibì kankan ní fàráńdà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bójú mu fún un. Ẹ so ẹ̀rọ tó ń ké yẹn mọ́ yàrá tí ẹ ń sùn, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má dúró wádìí: kí gbogbo yín jáde síta, kẹ́ ẹ sì pe 767 tàbí 112.

Ihò páìpù, àti ìdánwò ìkẹyìn

Ihò tí páìpù AC split ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ síta díẹ̀, kí omi má padà sínú ilé. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń ki ọ̀rá tàbí ìwé ìròyìn sí àlàfo rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ẹ má sanwó tán kí wọ́n tó fi pọ́tì tàbí silikọ́ọ̀nù dí i ní ojú méjèèjì. Ọmọńlé ń gba irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, ibi tó bá sì ti tẹ wáyà méjì pọ̀ ni pákó iná rẹ̀ ń jó.

Ní alẹ́ tí AC bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ tún tan tùràrí. Ẹ gbé e yí ìdí férémù tuntun, etí síìlìn, ihò páìpù àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Níbi tí èéfín bá ti sáré, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kẹ́ ẹ dí i lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìdáná, kẹ́ ẹ gbé tùràrí náà sún mọ́ ihò ìsàlẹ̀ àti ti òkè: níbẹ̀, èéfín gbọ́dọ̀ rìn. Bí kò bá rìn, ẹnì kan ti dí ihò náà tàbí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kún fún òróró. Nẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, omi gbígbóná àti ọṣẹ lóṣooṣù. Ti yàrá, nígbà tí ọyẹ́ bá parí, kẹ́ ẹ sì ṣí férémù kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tún tì í lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má baà gan.